Dọ́là tó ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Íńdíà: bí owó-orí àyọsílẹ̀ ṣe dá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan dúró

Ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń ṣe fíìdì adìẹ lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà Ọdẹ́dá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló ni ín, Alhaja ni tọmọdé tàgbà ń pè é níbẹ̀. Orí àgbàdo títà lọ́jà Láfẹ́nwá ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di ẹni tí àwọn ọlọ́sìn adìẹ káàkiri Ìpínlẹ̀ Ògùn ń bá ra fíìdì.

Ní ọdún 2022, ó ra ẹ̀rọ ńlá kan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Íńdíà, ẹ̀rọ tó ń tẹ fíìdì lẹ́búlẹ́bú di oníkóró. Wọ́n gba Form M, ìwé àṣẹ fún ríra ọjà láti òkèèrè, fún un bó ti yẹ. Nhava Sheva, èbúté tó wà nítòsí Mumbai, ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi, orí ọkọ̀ níbẹ̀ ló sì ti di ti Alhaja gẹ́gẹ́ bí ìwé ìrajà ṣe wí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kejì, èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́. Àwọn ará Íńdíà yóò ya àwòrán bí ilé ẹ̀rọ yóò ṣe rí, wọ́n á máa ti ọ̀dọ̀ wọn wo ẹ̀rọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rán ẹnjiníà wá tò ó, wọ́n á sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Alhaja bí wọ́n ṣe ń lò ó. Owó iṣẹ́ yìí jẹ́ $36,000. $18,000 àkọ́kọ́ wà fún àwòrán àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ti òkèèrè ṣe, $18,000 kejì sì wà fún títo ẹ̀rọ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Abẹ́òkúta. Ní ojú ìwé kẹta, nísàlẹ̀ pátápátá, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé owó náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùṣiṣẹ́ ní pípé, láìyọ owó-orí kankan tí orílẹ̀-èdè ẹni tó ń sanwó bá bù lé e.

Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n san ìdá kìíní. Inú àkáǹtì dọ́là ilé-iṣẹ́ ni owó náà ti jáde, báńkì ò sì béèrè nǹkan kan. $18,000 lọ ní odindi. Akáúńtáǹtì wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọṣẹ́ dáadáa, kò yọ kọ́bọ̀ owó-orí àyọsílẹ̀, ìyẹn owó-orí tí ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ máa ń yọ fún ìjọba kó tó fi ìyókù ránṣẹ́. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn náà ò sí ní Nàìjíríà. Íńdíà ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti ya àwòrán. Báwo la ṣe fẹ́ gbowó-orí lọ́wọ́ wọn?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí pé bí òfin ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè bá ṣe láti ìlú rẹ̀, láìfi ẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà, láìní ọ́fíìsì tàbí aṣojú níbí, owó-orí wa kò dé ibẹ̀. Finance Act 2019, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2020, ló yí i padà. Láti ìgbà náà, bí ilé-iṣẹ́ òkèèrè bá ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìgbaninímọ̀ràn, ìṣàkóso tàbí iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe fún ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, tí ó sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, òfin kà á sí ẹni tó ní àjọṣe ọrọ̀-ajé tó nípọn pẹ̀lú Nàìjíríà, owó-orí wa sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún àwọn tó ń tajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ ọdún 2020 tó tẹ̀ lé òfin náà fi ₦25 mílíọ̀nù ṣe ààlà. Fún iṣẹ́ irú èyí tí Alhaja rà, kò sí ààlà rárá. Owó àkọ́kọ́ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ti tó. Iye tí ó yẹ kí wọ́n yọ lórí rẹ̀ nígbà náà ni ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó náà sì gbọ́dọ̀ wọ àpò ìjọba ní irú owó tí wọ́n fi sanwó iṣẹ́. Bí ẹ bá san dọ́là, dọ́là lẹ máa fi san owó-orí rẹ̀.

Mo ń rí i láàárín àwa tí a ń gbani nímọ̀ràn lórí owó-orí pé ọ̀pọ̀ ṣì ń fi òfin ṣáájú 2020 dáhùn ìbéèrè àwọn oníbàárà. Ó ń dùn mí, torí oníbàárà ló máa ń jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó dáhùn.

Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ yí. Dọ́là inú àkáǹtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n sì fẹ́ ra ti ìdá kejì ní iye ìjọba. Èyí gba Form A, ìwé fún sísanwó iṣẹ́ sí òkèèrè, báńkì sì ní kí wọ́n mú ìwé-ẹ̀rí NOTAP wá, àjọ tó ń forúkọ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wá láti òkèèrè sílẹ̀, kí wọ́n sì fi hàn pé wọ́n ti yọ owó-orí. Ọgọ́ta ọjọ́ ni òfin NOTAP fún èèyàn láti forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i. Tiwọn ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n sáré sókè sódò kí wọ́n tó rí i gbà. Níbi tí wọ́n ti ń sáré yìí ni akáúńtáǹtì ti gbọ́ nípa ìdá mẹ́wàá. Ó yọ $1,800, ó fi $16,200 ránṣẹ́ sí Íńdíà. Kò kọ lẹ́tà ṣáájú, kò pe ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí owó dé ọ̀hún, àwọn ará Íńdíà fi ojú ìwé kẹta ránṣẹ́ padà, wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní $1,800 kù. Wọ́n sì pa ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà fi ń bá kọ̀ǹpútà wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tuntun náà dúró gbọn-in, Alhaja padà sí lílọ fíìdì lẹ́búlẹ́bú lórí ẹ̀rọ àtijọ́, àwọn oníbàárà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba oníkóró sì ń lọ síbòmíràn.

Àárín oṣù karùn-ún ni wọ́n tó wá sí ọ́fíìsì mi ní Òkè-Ìlèwó. Alhaja kò tíì jókòó tán tó ti ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìjọba ni mò ń bá jà ni, àbí àwọn ará Íńdíà?"

Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n ka ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ná."

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe kò ní àríyànjiyàn nínú. $1,800 tí akáúńtáǹtì ti yọ ṣì wà ní àkáǹtì. Owó tí èèyàn bá ti yọ lórúkọ ìjọba kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke rẹ̀, gbèdéke náà sì ti ń kanlẹ̀kùn. A san án fún FIRS, àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀. Mo rọ Alhaja pé kí a san ti ìdá kìíní náà lójú ẹsẹ̀, èyí tí wọn ò yọ rárá lọ́dún tó kọjá. Ó ní kí a kọ́kọ́ bá àwọn ará Íńdíà parí ìjà ná, kó lè mọ ẹni tí owó náà máa ti àpò rẹ̀ jáde. Èrò rẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n ìjọba kì í dúró de ìparí ìjà ẹlòmíràn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àbá mẹ́ta ló dé etí Alhaja. Àkọ́kọ́ ni pé kó fi $1,800 ránṣẹ́, kó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ owó-orí. Kò gba àlàyé púpọ̀: gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́dọ̀ FIRS kò kúrò níbẹ̀.

Èkejì ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà wá. Wọ́n ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ abala kejì, wọ́n sì gbọ́ pé òfin Nàìjíríà yọ ẹ̀kọ́ kíkọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé àṣẹ ọdún 2020 yọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá kọ́ni, tàbí tí wọ́n kọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ, tó wá fi bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ han àwọn òṣìṣẹ́ ilé fíìdì, kò sí nínú ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló léwu jù, ẹni tó ń bá wọn gba ẹrù ní èbúté ló sì mú un wá. Ó ní kí àwọn ará Íńdíà ya ínfọ́ìsì tuntun, kí wọ́n kó owó iṣẹ́ pọ̀ mọ́ owó ẹ̀rọ, kó dà bíi pé ọjà lásán ni gbogbo rẹ̀. Ọjà tí a rà láti òkèèrè kì í gba owó-orí àyọsílẹ̀, kì í sì í gba NOTAP. Lójú ẹni tí kò wò ó jìnnà, ó dà bí ọgbọ́n. Ìwé irọ́ ni, ìyẹn nìkan sì tó kí n kọ̀ ọ́, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òfin owó-orí ilé-iṣẹ́ sọ pé bí ẹni òkèèrè bá gba iṣẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ àdéhùn kan ṣoṣo, tí ó ní gbígbé ẹrù wá àti títò ó nínú, gbogbo èrè inú àdéhùn náà ni Nàìjíríà lè bu owó-orí lé. Ìyẹn ni pé èrè orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tó ti di ti Alhaja lórí ọkọ̀ ní Nhava Sheva, yóò wá di ohun tí Nàìjíríà ń bu owó-orí lé. Kọ́sítọ̀mù náà yóò gba owó ibodè lórí iye tó ti wú. Pé ìwé ẹ̀rọ dá dúró, tí ìwé iṣẹ́ sì dá dúró, ni ohun tó gba ẹ̀yìn gbogbo wọn. Mo ṣàlàyé èyí fún Alhaja, ó sì pe agbẹrù náà níwájú mi pé kó má dá irú àbá bẹ́ẹ̀ mọ́.

A wá dé orí gbólóhùn ojú ìwé kẹta. Ibí ni ọ̀pọ̀ akáúńtáǹtì ti ń ṣìrò, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Òfin sọ pé ẹni òkèèrè ló ni owó-orí náà, Alhaja kàn ń bá ìjọba yọ ọ́ ni. Àdéhùn sọ pé owó gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ ẹni òkèèrè. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ìjọba gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀, olùṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba odindi tirẹ̀, àárín wọn sì wá bọ́ sọ́rùn Alhaja. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, $18,000 kì í ṣe owó iṣẹ́ mọ́, èyí tó kù lẹ́yìn ìyọkúrò ni. Owó iṣẹ́ gan-an ni iye tí a bá yọ ìdá mẹ́wàá kúrò lára rẹ̀ tí yóò ku $18,000, èyí sì jẹ́ $20,000. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ $2,000, kì í ṣe $1,800. Ìyàtọ̀ $200 kéré lójú, àmọ́ ẹni tó bá wá yẹ ìwé yín wò yóò rí i, VAT 7.5%, owó-orí orí ọjà àti iṣẹ́, náà yóò sì dúró lórí $20,000. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ ronú kan VAT yẹn títí di ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ra iṣẹ́ lọ́wọ́ ará òkèèrè ló gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ kó sì san án fúnra rẹ̀.

Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá akáúńtáǹtì ilé-iṣẹ́ Íńdíà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í ṣe ẹni tó ń tajà fún wọn. Ìpè yẹn ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ẹni tó ń tajà rò pé Alhaja ń jẹ owó wọn ni. Akáúńtáǹtì mọ̀ pé owó-orí ni, ohun tó ń dùn ún ni pé òun kò ní lè rí i gbà padà nílé. Kò sí àdéhùn láàárín Nàìjíríà àti Íńdíà tí kì í jẹ́ kí èèyàn san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà. Ṣùgbọ́n òfin owó-orí wọn nígbà náà, ti ọdún 1961, ní ìpín 91, fàyè gba ará Íńdíà láti yọ owó-orí tó ti san ní ilẹ̀ tí wọn ò bá ṣàdéhùn kúrò nínú tilé, bí owó tó pa náà bá jáde láti òde Íńdíà. Ohun tí akáúńtáǹtì náà sọ kò ní àbòsí nínú: àwòrán tí a jókòó yà ní Íńdíà, ìjọba wọn yóò ní Íńdíà ni owó náà ti jáde, kò sí ìdápadà kankan lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà wá ṣe ní Abẹ́òkúta, ìyẹn lè gba ìdápadà, bí rìsíìtì bá wà tí orúkọ wọn jókòó sórí rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà. Mo gbé e kalẹ̀ fún àwọn méjèèjì pé kí Alhaja ru owó-orí ìdá kìíní, $2,000, torí pé àdéhùn dè é, olùṣiṣẹ́ kò sì ní rí nǹkan kan gbà padà lórí rẹ̀. Kí àwọn ará Íńdíà ru ti ìdá kejì, $1,800, torí pé wọ́n lè rí i gbà nílé wọn. Kí a wá fi ìwé kékeré kan tún gbólóhùn ojú ìwé kẹta ṣe ní ti ìdá kejì yìí. Ẹ kíyè sí i pé $16,200 tí akáúńtáǹtì Alhaja ti fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹrin kò yí padà. Iye yẹn ló jọ ìwà ọ̀dàlẹ̀ lójú wọn nígbà tí ó dé láìsí ọ̀rọ̀, iye kan náà ni wọ́n sì fọwọ́ sí nígbà tí a sọ ìdí rẹ̀.

Apá kan wà tí mi ò fẹ́ kí wọ́n fojú fò. Fún ìdá kìíní, tí wọ́n ti òkèèrè ṣe, ìdá mẹ́wàá náà ni òpin: olùṣiṣẹ́ kò jẹ Nàìjíríà ní ohunkóhun mọ́ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn wọn wá ṣe nílẹ̀ wa yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba ti lè ní wọ́n ti fìdí kalẹ̀, pé kí wọ́n wá ṣírò èrè wọn, kí ohun tí a ti yọ sì jẹ́ àsansílẹ̀ lásán. Mo kọ èyí sí àwọn ará Íńdíà nínú lẹ́tà, mo sì ní kí wọ́n wá ẹni tiwọn tí yóò gbà wọ́n nímọ̀ràn, torí Alhaja ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Wọ́n wá ẹnì kan ní Èkó, wọ́n forúkọ sílẹ̀, wọ́n gba TIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó-orí, wọ́n sì fi ìṣirò wọn sílẹ̀. TIN yẹn ló jẹ́ kí rìsíìtì wọn jáde lórúkọ wọn láìsí wàhálà.

Ìparí oṣù kẹfà ni gbogbo wọn fọwọ́ sí i, ọ̀nà ẹ̀rọ sì ṣí. Àmọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, CBN, báńkì àpapọ̀, ti tú iye dọ́là sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu rẹ̀. $2,000 tí ì bá jẹ́ nǹkan bí ₦890,000 ní oṣù kọkànlá 2022 wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà nígbà tí a máa fi rà á ní oṣù keje. Lórí rẹ̀, ìtanràn ìdá mẹ́wàá wà, èlé náà sì wà ní iye tí CBN ń lò, èyí tó gòkè dé 18.75% lóṣù keje yẹn gan-an. Alhaja wo ìwé náà títí. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí akáúńtáǹtì lọ san án kó tó dalẹ́.

Bí mo ṣe ń yẹ ìwé wọn wò, ohun mìíràn jáde. Wọ́n ti ń sanwó fún onímọ̀ oúnjẹ ẹran kan tó ń gbé ní Ghana, òun nìkan, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Akáúńtáǹtì ń yọ owó-orí rẹ̀ déédéé, ó sì ń san án fún àjọ owó-orí Ìpínlẹ̀ Ògùn, torí pé ìpínlẹ̀ ló ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ti àwọn tó ń gbé nínú rẹ̀ nìkan ni ìpínlẹ̀ ni. Ẹni tí kò gbé ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni owó-orí tirẹ̀, ì báà jẹ́ èèyàn kan péré. A san èyí tó yẹ fún FIRS, a sì kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ fún èyí tó ti wọ ibẹ̀. Mo ti rí èyí ní ilé-iṣẹ́ mìíràn náà, ó sì jọ pé àwọn tó ń ṣe é dáadáa ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù.

Òfin ti yí padà lẹ́yìn náà. Ìlànà ìyọsílẹ̀ owó-orí ti ọdún 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, dín iye tí a ń yọ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nílé kù sí 5% lórí irú iṣẹ́ yìí, ó sì fi ti àwọn ará òkèèrè sí 10%, ilé-iṣẹ́ tàbí èèyàn kan. Ẹni tó bá ń fi 5% tilé yọ tòkèèrè nísinsìnyí yóò jẹ gbèsè. Nigeria Tax Act tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, FIRS sì di NRS. Lábẹ́ rẹ̀, VAT tí èèyàn san lórí iṣẹ́ tó rà ṣe é yọ kúrò nínú VAT tó gbà lórí ọjà tó ń gba VAT, èyí tí kò ṣeé ṣe nígbà ti Alhaja. Ṣùgbọ́n ìnáwó tí wọ́n bá kọ̀ láti san VAT tó yẹ lórí rẹ̀ kò ní ṣeé yọ kúrò nínú èrè mọ́. VAT orí iṣẹ́ òkèèrè tí àwọn ènìyàn ń fojú fò yóò wá máa bù wọ́n jẹ níbi méjì.

Fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí kì í ṣe ìwé ìsanwó. Kí oníbàárà tó fọwọ́ sí ìwé, mo ń bi í bóyá iye inú rẹ̀ jẹ́ ṣáájú tàbí lẹ́yìn owó-orí, ibo ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò ti ṣiṣẹ́ náà, ṣé ọjà wà nínú ìwé kan náà, àti pé kí ni òfin ilé olùṣiṣẹ́ yóò fún un lórí rìsíìtì wa. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í béèrè, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń sọ bí olùṣiṣẹ́ yóò ṣe gba ìdá mẹ́wàá náà sí.

Nígbà tí àdéhùn ìtọ́jú ẹ̀rọ náà láti òkèèrè tó àkókò àtúnṣe fún ọdún 2026, akáúńtáǹtì Alhaja fúnra rẹ̀ ló kọ gbólóhùn tó wọlé dípò ti àtijọ́: "Gbogbo iye inú àdéhùn yìí jẹ́ iye tó wà kí a tó yọ owó-orí. Olùsanwó yóò yọ owó-orí tí òfin Nàìjíríà bá pa láṣẹ, yóò san án fún àjọ tó yẹ, yóò sì fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùṣiṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá san án." Àwọn ará Íńdíà fi díẹ̀ kún owó ọdún náà nítorí rẹ̀. Alhaja ní kí wọ́n ṣírò iye tí wọ́n fi kún un sórí tábìlì níwájú òun, ó dúnàádúrà lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó fọwọ́ sí i.